Gbèsè Wo Ni Olóúnjẹ Jẹ Oníbàárà?

 

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní oṣù yìí kò jìnnà sí òwe yìí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ títà ni, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ ìwé tí àwọn olóúnjẹ máa ń kọ orúkọ oúnjẹ àti iye owó rẹ̀ sí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní mẹ́nù. Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ló kan ìwé àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí nínú ọ̀rọ̀ mẹ́nù. Ṣé ọ̀rọ̀ ìrun àti ààwẹ̀ ti tán ni? Ìdáhùn wa kò le. Ènìyàn lè kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti owó, ibẹ̀ ni a ti ń mọ irú ẹni tí í ṣe.

Ìbéèrè wa nìyí: bí ọjà bá gbówó lórí, tí olóúnjẹ sì fẹ́ tún ìwé oúnjẹ rẹ̀ kọ, kí ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yí padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí sì ni ó di dandan fún un láti sọ síta? A kò rí ìbéèrè yìí kà nínú ìwé. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa ni.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ìyá olóúnjẹ kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti ń ta oúnjẹ lábẹ́ àtíbàbà létí títì fún bí ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni oúnjẹ rẹ̀ tọ́ dàgbà. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ìwé kankan. Bí o bá débẹ̀, wàá tò síwájú ìkòkò, wàá sọ iye tí o fẹ́ rà: "Màmá, ẹ bu ìrẹsì 300 náírà fún mi, ẹ da ẹ̀wà 200 lé e, kí ẹ fi pọ̀nmọ́ kan sí i." Màmá yóò ṣí ìkòkò lójú rẹ. Wàá rí ìgbákọ bí ó ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde. Wàá rí ẹran kí o tó yàn án. Bí oúnjẹ náà bá kéré lójú rẹ, wàá bẹ̀ ẹ́ fún èènì. Bí ó bá rọrùn fún un, yóò fi sí i. Bí kò bá rọrùn, yóò ní, "Ọmọ mi, ọjà ti gbówó lórí," ìwọ náà yóò sì yan bóyá wàá jẹ ẹ́ tàbí wàá lọ. Ohun kan náà ni ìwọ àti òun jọ ń wò.

Nígbà tí Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà fún un, ó gba ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Ó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ dáradára, ó so fáànù mọ́ òkè, ó to àga àti tábìlì, ó sì mọ ògiri sáàárín ibi tí wọ́n ti ń dáná àti ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé ibi tó gbayì báyìí kò gbọdọ̀ wà láìní mẹ́nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ránṣẹ́ pè wá, nítorí ó mọ̀ pé àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. A bá a ṣe ìwé náà, a lẹ ike mọ́ ọn kí omi ọbẹ̀ má bàa bà á jẹ́, inú wa sì dùn. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwo ìrẹsì kan pẹ̀lú ẹran jẹ́ 1,200 náírà.

Gbogbo wa la mọ bí ọdún náà ṣe rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè wa kéde pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Kò sí bí ìyá náà ṣe lè máa ta ìrẹsì ní 1,200. Ó fi owó lé e, ṣùgbọ́n ẹnu ló fi sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń bá a gbé oúnjẹ. Ìwé tó wà lórí tábìlì kò yí padà. A ti ṣèlérí pé a máa tún un kọ, a sì ń fòní dónìí, a ń fọ̀la dọ́la.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ jórinjórin wọlé wá. Ọ̀kan nínú wa jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà mú ìwé, ó kà á, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ka owó rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó tó jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé ìrẹsì kan àti ẹran kan wá. Nígbà tí ó jẹun tán, wọ́n ní kí ó mú 1,600 náírà wá. Owó tí ó ní kò ju 1,300 lọ. Ó nawọ́ sí ìwé náà. Ọmọ tó gbé oúnjẹ fún un ní, "Ìyẹn ti pẹ́." Gbogbo ojú sì yí sí i. Kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣe, ó ti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. Arákùnrin wa dá aago náà padà fún un, ó sì san 300 tó kù. Ọmọ náà dúpẹ́, ó dorí kodò, ó jáde. A kò tún rí i níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́. Ọmọ yìí kò ṣe àṣìṣe kankan. Ó ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe: ó kàwé, ó ṣírò, ó wá jókòó. Ìwé wa ló parọ́ fún un. Kì í ṣe ìyá ló kọ ọ́, àwa la kọ ọ́, àwa la sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti mọ̀ pé kò jóòótọ́ mọ́.

ÌWÉ DÚRÓ DÍPÒ OJÚ

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń rò ó pé kí tilẹ̀ ni ìwé oúnjẹ jẹ́. Lábẹ́ àtíbàbà, a kò nílò rẹ̀ nítorí pé ojú wa ń rí ìkòkò. Ìgbà tí ògiri dé sáàárín oníbàárà àti ìkòkò ni ìwé di dandan. Ohun tí ojú kò lè rí mọ́ ni ìwé wá ń sọ. Ìwé dúró dípò ojú.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà náà ohun tí ojú ìbá ti rí lábẹ́ àtíbàbà ni ìwé jẹ́ ní gbèsè láti sọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Iye owó, bí oúnjẹ ṣe pọ̀ tó, irú ẹran tó wà nínú rẹ̀, àti bóyá oúnjẹ náà tilẹ̀ wà nílẹ̀ lónìí. Ẹni tí ó mọ ògiri ti gba ojú lọ́wọ́ oníbàárà. Kò sí ohun tó burú nínú ògiri mímọ, ṣùgbọ́n ó ní láti fi nǹkan mìíràn dí i fún un.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ìtàn tí Mùsílímù gbà wá nípa Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ó kọjá lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta oúnjẹ oníhóró, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ọwọ́ rẹ̀ sì bá omi nísàlẹ̀. Ó bi olówò náà pé kí ni èyí. Olówò ní òjò ló pa á. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun kò bá a jà nítorí òjò, nítorí òjò kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó bi í ni pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe màgòmágó kò sí lára wa.

Ẹ wo ìdájọ́ yìí dáadáa. Wọ́n kò ní kí ọkùnrin náà da ọkà rẹ̀ nù, wọn kò sì ní kí ó má tà á. Ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ni kí ó gbé èyí tí òjò pa wá sókè. Òjò ti pa gbogbo olóúnjẹ ilẹ̀ wa láti ọdún 2023. Ìbéèrè tó kù ni ibi tí wọ́n gbé ọkà tútù sí.

ỌGBỌ́N YÀTỌ̀ SÍ Ẹ̀TÀN

Nígbà tí a wá fẹ́ tún ìwé náà kọ, a lọ kà nípa bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe ń ṣe é. Ó jẹ́ ìmọ̀ tó jinlẹ̀. Ní ọdún 1982, àwọn olùkọ́ méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Michael Kasavana àti Donald Smith, gbé ìwé kan jáde tí ó kọ́ àwọn olóúnjẹ láti pín oúnjẹ wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: èyí tó ń tà tó sì ń mówó wọlé, èyí tó ń tà tí èrè rẹ̀ kéré, èyí tí èrè rẹ̀ pọ̀ tí kò tà, àti èyí tí kò tà tí kò sì lérè. Èyí tó dára jù, kí a gbé e síbi tí ojú yóò kọ́kọ́ bà lé. Èyí tí kò tà tí kò sì lérè, kí a yọ ọ́. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bákan náà rí i pé àwọn tí a fún ní ìwé oúnjẹ tí a kọ nǹmbà lásán sí, láìsí àmì dọ́là níbẹ̀, náwó ju àwọn tó rí àmì dọ́là lọ.

Ṣé ẹ̀tàn ni gbogbo èyí? A jiyàn lé e lórí títí. Àwọn kan nínú wa ní ẹ̀tàn ni. Àwọn kan ní ọgbọ́n òwò ni, pé ẹni tó ń ta ọsàn náà ń to èyí tó dára síwájú. Ibi tí a fi orí rẹ̀ tì sí ni èyí: pípe àkíyèsí ènìyàn yàtọ̀ sí bíbo ojú rẹ̀. Ẹni tó gbé ọsàn dídára síwájú kò ṣẹ̀, bí ìwọ bá lè tú ìyókù wò. Ẹni tó fi ọsàn dídára bo èyí tó ti rà ló ṣẹ̀.

Ìdánwò kan tí ó rọrùn wà tí a fi ń yà á sọ́tọ̀. Bí oníbàárà bá bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi ṣe é báyìí, ṣé o lè sọ ìdí rẹ̀ fún un lójúkorojú láìyí ohùn padà? Bí ìyá bá lè sọ pé, "Ẹ̀fọ́ rírò mi ló dùn jù, òun ni mo ṣe kọ ọ́ sókè," inú ẹnikẹ́ni kò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún oníbàárà pé, "Mo dín oúnjẹ rẹ kù, mo sì fẹ́ kí o má mọ̀"?

OHUN TÍ A JỌ JIYÀN LÉ LÓRÍ

A jókòó ti ìyá àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí a kọ pọ̀, a ó sì mú díẹ̀ nínú rẹ̀.

Èkíní ni àwòrán. Ọmọ ìyá fẹ́ kí a mú àwòrán ìrẹsì àti ẹran adìyẹ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, odindi itan kan tó ń dán. Adìyẹ tí ìyá ń tà kò tó ìdajì rẹ̀. A ní bí àwòrán yóò bá wà, kí a ya ti àwo ìyá fúnra rẹ̀.

Èkejì ni orúkọ. Wọ́n fẹ́ kí a kọ "ẹran ewúrẹ́", bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn àgùntàn ni wọ́n ń rí rà. A ní kí a kọ "ẹran ewúrẹ́ tàbí àgùntàn". Kò gùn púpọ̀, kò sì dín adùn rẹ̀ kù.

Ẹ̀kẹta mú ọwọ́ wa dúró díẹ̀. Ọmọ ìyá ní kí a kọ "hàláàlì" gàdàgbà sókè ìwé, kí àwọn Mùsùlùmí lè máa wọlé. Màlúù tí ìyá ń rà, ó mọ alápatà tó ń dúńbú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tọ́kì inú yìnyín tí wọ́n ń rà ní páálí ńkọ́? Ìyá kò mọ ẹni tó pa á, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti pa á. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a ń fi kun ìwé. Ẹ̀rí jíjẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kì í sì jẹ́rìí sí ohun tí kò rí. A ní kí ó kọ ọ́ síwájú ẹran màlúù, kí ó má kọ ọ́ síwájú tọ́kì.

Ẹ̀kẹrin ni edé. Mọ́ínmọ́ín ìyá ní edé lílọ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó ní ta ni kò mọ̀ pé edé wà nínú mọ́ínmọ́ín. Ẹni tí kò mọ̀ ni ẹni tí edé máa ń wú ní ètè àti ọ̀fun, tí kò sì rí i nítorí pé ó ti kúnná. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kejìlá ọdún 2014, òfin ti pàṣẹ pé kí gbogbo olóúnjẹ máa sọ bí oúnjẹ wọn bá ní ọ̀kan nínú ohun 14 tó máa ń pa àwọn kan lára, bí edé, ẹja, ẹ̀pà, ẹyin àti wàrà. Àwọn ènìyàn wa tó ń ta ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù wà lábẹ́ òfin náà. Bí wọ́n bá lè sọ ọ́ lọ́hùn-ún, kò sí ohun tó ní kí á má sọ ọ́ níbí. Gbólóhùn kan péré ni: "edé wà nínú rẹ̀."

Ìyá gbà fún wa lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí a ti fa ọ̀rọ̀ ya ni ìkarùn-ún.

Ọ̀RỌ̀ ÌGBÁKỌ

Ìyá ti ra ìgbákọ tuntun. Ó kéré sí ti àtijọ́. Ohun tí ó fẹ́ ni kí a dá owó ìrẹsì padà sí ìtòsí 1,200, kí òun máa fi ìgbákọ kékeré bù ú, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí a ní èyí kò dára, ó wò wá, ó ní:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́. Bí mo bá kọ 1,600 síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa padà. Bí wọ́n bá padà, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á lọ sílé, ẹ̀yin ò sì ní bọ́ wọn. Ẹni tó bá ní 1,200 á jẹun, kò ní yó bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n á jẹun, ojú ò sì ní tì í. Ṣé ẹ̀yin ò rí ohun tójú ọmọ yẹn rí lọ́jọ́sí ni? Ta ni mo jà lólè?"

A kò rí ìdáhùn fún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ olè. Ìyá yìí ń wá ọ̀nà tí yóò fi pa iṣẹ́ mọ́ tí yóò sì bo àṣírí aláìní. Ẹlòmíràn nínú wa tilẹ̀ gbè é lẹ́yìn, ó ní àwo kì í ṣe kóńgò, pé kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé báyìí ni ìrẹsì àwo kan gbọdọ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, báwo ni a ṣe lè sọ pé ó dín òṣùwọ̀n kù?

A lọ sílé, a ronú sí i, a sì padà wá. Èsì wa nìyí. Òṣùwọ̀n wà. Àṣà ló gbé e kalẹ̀. Ògbólógbòó òfin kan wà láàárín àwọn onímọ̀ Sàríyà pé àṣà tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ mọ́ra jẹ́ ohun tí a fi ń ṣe ìdájọ́. Fún ogún ọdún ni ìyá ti fi ìgbákọ kan náà bu oúnjẹ. Bí oníbàárà bá ní "àwo kan", ìgbákọ yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó yí i padà láìsọ kò yàtọ̀ sí alátẹ tó lu ìdí kóńgò wọnú. Kóńgò náà ni ojú ń rí, ẹnu rẹ̀ ṣì fẹ̀ bíi tàná, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà ti dín kù. Gbogbo wa la mọ ohun tí a ń pe irú kóńgò bẹ́ẹ̀. Súrà kan wà nínú Àlùkùránì, ìkẹtàlélọ́gọ́rin, tó jẹ́ pé orúkọ àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù ni a fi pè é. Ọlọ́hun kò ka ọ̀rọ̀ náà sí kékeré.

Ní ti ojú tí kò ní ti oníbàárà, a sọ fún ìyá pé ohun tó dójú ti ọmọ jórinjórin kì í ṣe 1,600. Pé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Bí ó bá ti rí 1,600 nínú ìwé, ìbá ti jẹ ohun mìíràn tàbí kí ó lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí a fi òtítọ́ hàn lè yàn. Ẹni tí a bo ojú rẹ̀, àwa la ti bá a yàn, a sì tún ń pe ìyẹn ní àánú.

A wá ní: Màmá, ẹ má ju ìgbákọ kékeré nù. Ẹ gbé òun náà wá sí gbangba. Kí a kọ oríṣi méjì: àwo kékeré, 1,200, àwo ńlá, 1,600. Kí ẹ gbé ìgbákọ méjèèjì kọ́ sí ibi ìsanwó, kí ojú gbogbo ènìyàn rí wọn. Ẹni tó ní 1,200 á jẹun gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́, á sì mọ ohun tí òun rà. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ká wò ó."

OÚNJẸ ẸNI TÍ KÒ LÓWÓ

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó le ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀wà àti gààrí wà nínú ìwé àkọ́kọ́, òun ló pọ́ọ́kú jù. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jẹ ẹ́. Èrè orí rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n sì ń jókòó pẹ́ lórí àga. Ẹni tó bá ń wo èrè nìkan yóò ní yíyọ ni kí a yọ ọ́.

Bí ìyá bá yọ ọ́, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kò sí gbèsè ẹ̀wà lọ́rùn rẹ̀. A kò lè sọ pé ó jẹ́ dandan fún un, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ ń di ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kò dúró sí ibi ìdọ́gba nìkan, ó pè wá sí ṣíṣe dáadáa pẹ̀lú. Ìdọ́gba ni pé kí o má gba ohun tí kì í ṣe tìrẹ. Ṣíṣe dáadáa ni pé kí o fi nínú tìrẹ sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́, a lè fi òfin béèrè rẹ̀. Ti èkejì, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni a lè bẹ̀. A bẹ ìyá. A tún bẹ̀ ẹ́ pé kí a má kọ ohunkóhun síwájú rẹ̀ tí yóò fi hàn pé oúnjẹ aláìní ni, kí a kọ "ẹ̀wà àti gààrí" bí a ṣe kọ ìyókù, ní lẹ́tà kan náà.

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà jẹ ẹ́ dàgbà. Ó wà nínú ìwé náà títí di òní.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ

Ẹ kò ní gbọ́ lẹ́nu wa pé láti ọjọ́ náà ni owó ti ń rọ́ wọlé fún ìyá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà kan rí 1,600, wọ́n sì padà lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ. Àwọn mìíràn kò padà wá mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin náà ti lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ nítorí iṣẹ́ kò kárí mọ́. Òtítọ́ máa ń náni lówó nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn tí òwe fi sọ pé ó dọ́jà ó kùtà. Bí ó bá jẹ́ pé èrè ni a ń torí rẹ̀ sọ òtítọ́, ọjọ́ tí èrè bá tán ni òtítọ́ náà yóò tán.

Ohun tí a lè sọ ni pé aago ẹnikẹ́ni kò tún dé orí tábìlì ìyá mọ́. Pátákó dúdú kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí tí wọ́n ń fi ẹfun kọ oúnjẹ tó wà lójúmọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó kí ó tó gbọ́ pé "kò sí, ó ti tán". Bí owó bá yí, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń lẹ bébà tuntun mọ́ orí ìwé. Ìwé náà kò dán mọ́ bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó ń sọ.

Kí á má gbàgbé pé òfin ìjọba wa náà wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìdáàbò-bo oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé kí olówò fi iye owó hàn, àti pé kò sí ẹni tí a lè fi ipá mú láti san ju iye tí a fi hàn án lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń mú òfin náà ṣẹ ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Àbújá, nítorí pé iye tí wọ́n ń gbà níbi ìsanwó ju iye tí wọ́n kọ sára ọjà lọ. Ọmọ jórinjórin yẹn ní ẹ̀tọ́ láti san 1,200 kí ó sì dìde. Kò mọ̀. Àwa náà kò mọ̀ nígbà náà.

ÀWA ŃKỌ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò pin sọ́dọ̀ olóúnjẹ. Àwa tí à ń jẹun náà ní gbèsè. Níbi tí a bá ti ń jẹun kí a tó sanwó, ẹni tó jẹ ẹran mẹ́ta tí ó ní méjì ni òun jẹ ti lu ìdí kóńgò tirẹ̀ wọnú. Ẹni tó ń bú ìyá olóúnjẹ nítorí pé ó kọ iye tó jẹ́ òótọ́ ń kọ́ ọ ní irọ́ pípa.

Àwa tí a mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé, tiwa tún pọ̀ sí i. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ wá fún wa: ìwé oúnjẹ, ìpolówó, àmì ara ọjà. Ó rọrùn láti sọ pé, "Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni mo kọ." Ọwọ́ wa ló kọ ọ́. Bí ìwé bá dúró dípò ojú, a jẹ́ pé àwa ni a ń la ojú àwọn ènìyàn tàbí tí a ń fọ́ ọ. Kí á tó gba owó iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá pé: ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rí? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á bá a wá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ tí yóò sì tún tà á, nítorí ó máa ń wà.

A ń wá ọmọ tó bọ́ aago rẹ̀ lé orí tábìlì. Bí ó bá ka ìwé yìí, tàbí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kà á, ẹ bá wa sọ fún un pé kò jẹ gbèsè kankan lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwa la jẹ ẹ́, a sì ń tọrọ àforíjì.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí Ó sì fún wa ní okun láti gbé èyí tó tutù wá sókè. Àmín.